Ọdún Àkọ́kọ́ Wa Lórí Erékùṣù Èkó

Ní ọjọ́ tí a ń dágbére fún àwọn ará ilé ní Obbo-Ilé, àgbà obìnrin kan bi wá ní ìbéèrè méjì. Èkíní ni pé, ǹjẹ́ òótọ́ ni pé omi yí Èkó ká? A dáhùn pé òótọ́ ni. Èkejì ni pé, "Ẹ óò ha rí omi mu níbẹ̀ bí?" A rẹ́rìn-ín, nítorí a rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí òkun rí ni. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Kí oṣù kejì tó parí ni a ti mọ̀ pé ìyá náà béèrè ohun tí ó yẹ kí àwa fúnra wa ti béèrè kí a tó di ẹrù.

Ọdún kan ti kọjá báyìí, ó sì lé díẹ̀. Iṣẹ́ ni ó gbé wa lọ, àwa márùn-ún: bàbá, ìyá, àti ọmọ mẹ́ta. A kọ ìwé yìí nítorí pé ìdílé tí kò ní ọmọ ní Èkó kò pọ̀ mọ́ ní agbègbè wa, ìbáà ṣe ní Obbo-Ilé, ní Osi tàbí ní Iloffa, àwọn mìíràn sì ń múra àtilọ. Kì í ṣe pé a fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé, nínú ohun gbogbo tí a rà ní ọdún náà, kò sí èyí tí ó wọ́n wa tó ìbéèrè tí a kò béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọ̀ràn ilé ti rí ní ọ̀dọ̀ wa, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní Obbo-Ilé, orí ilẹ̀ líle ni a ń gbé, ilẹ̀ olókè àti olókùúta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé a lọ bá ìdílé tí ó ni ilẹ̀. Wọn a fi ààlà hàn án lójú àwọn ẹlẹ́rìí. Bí ìjà bá sì ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò ni yóò parí rẹ̀, àyàfi èyí tí ó bá le tí ó fi dé ààfin Owalobbo. Kò sí ẹni tí í béèrè pé ta ni ó kọ́ ilé báyìí, tàbí báwo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti jìn tó, nítorí pé gbogbo ìlú ni ó ń kọjá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Àwa tí a dàgbà sí irú ibi bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé mímọ̀ yìí jẹ́ ọrọ̀. A rò pé bí ilé gbogbo ti rí nìyẹn.

Ọkọ̀ gbé wa gba Òmù-Àrán àti Ìlọrin, ó gba Ìbàdàn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú nígbà tí a gun afárá gígùn tí wọ́n ń pè ní Third Mainland, èyí tí wọ́n parí ní 1990. Àwọn ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èyí àbíkẹ́yìn béèrè pé ṣé ọkọ̀ wa ti di ọkọ̀ ojú omi ni. Ìbéèrè ọmọdé ni, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́, nítorí pé kí wọ́n tó parí afárá Carter ní 1901, ẹni tí ó bá ti òkè bọ̀ wá sí Èkó kò ní ọ̀nà mìíràn ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Ní 1901 yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú irin láti Ìddó dé Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn fún ará òkè láti gbàgbé pé erékùṣù ni òun ń lọ.

Ilé tí a gbà wà ní àyíká Pópó Àgùdà, ilé alájà mẹ́ta, tí a kùn ní àwọ̀ ọsàn. Àjà òkè pátápátá ni tiwa. Alágbàtà ilé fi hàn wá bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé láti ojú ọ̀sà, ó sì fi ilé ìsìn hàn wá láti ojú fèrèsé. A béèrè iye owó rẹ̀. A béèrè bóyá iná ìjọba ń wá déédéé. A béèrè bí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti jìnnà tó. A san owó ọdún kan gbáko, a san ti alágbàtà, a san ti ìwé àdéhùn, inú wa sì dùn. A kò béèrè omi wo ni a ó máa mu. A kò béèrè ibi tí òjò ń gbà kọjá. A kò sì béèrè àjà mélòó ni ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé náà sọlẹ̀ ní lọ́kàn.

Ti omi ni ó kọ́kọ́ dé bá wa. Kànga kan wà ní ẹ̀yìn ilé, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara lójú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. A ń mu ún. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ìgbẹ́ gbuuru ti mú ọmọ wa àárín, ó sì tún mú àbíkẹ́yìn. Ojú wọn jìn sínú, wọn kò sì lè jókòó. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún wọn ní omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́, a ń fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo òru. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ilẹ̀ mọ́ bá wọn.

Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ilé tí ó kọjú sí tiwa, Màmá Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí ó gbọ́, ó sọdá wá bá ìyá àwọn ọmọ.

"Ìyàwó, ta ni ó ní kí ẹ máa mu omi yẹn?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà. A rí kànga, a sì pọn ọ́n."

"Aṣọ ni a ń fi í fọ̀. Kí ló dé tí ẹ kò béèrè? Ẹnu mi wà níhìn-ín láti ọjọ́ tí ẹ ti dé."

Ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ògiri, ó sì fi ṣaláńgá ilé kejì hàn án. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan péré ni ó wà láàárín rẹ̀ àti kànga. Iyanrìn ni ilẹ̀ erékùṣù náà, ohunkóhun tí a bá sì dà sílẹ̀ ní òní kò ní pẹ́ dé ibi tí a ti ń fa omi. Ti iyọ̀ náà ní ìdí. Omi òjò fúyẹ́ ju omi òkun lọ, nítorí náà bí ó bá wọnú iyanrìn, a máa léfòó lórí omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Bí kànga kò bá pọ̀, ènìyàn yóò máa fa omi dídùn tí ó wà lókè. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á ju bí òjò ti ń dá a padà lọ, omi iyọ̀ a máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń fà á lórí ilẹ̀ tí kò tóbi tó oko àwọn ìlú kan ní ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn tí ó ṣáájú wa ti mọ ìyà yìí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan wà, João Esan da Rocha, tí a kó lẹ́rú ní kékeré lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì, tí ó sì padà wá sí Èkó pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ó kọ́ ilé sí òpópónà Kakawa, ó sì gbẹ́ kànga síbẹ̀, omi rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń wá rà á, tí wọ́n sì fi ń pe ilé náà ní Ilé Omi. Candido ọmọ rẹ̀, tí a bí ní Bahia ní 1860, tí ó sì kú ní 1959, di ọ̀kan nínú àwọn olówó tí a kò lè gbàgbé ní Èkó. Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, tí wọ́n sì ní kí àwọn ará ìlú máa san owó orí omi, àwọn ará Èkó kọ̀; ní 1908 ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní People's Union sílẹ̀ láti tako owó náà. Wọ́n ní àwọn ní kànga tàwọn. Omi láti Ìjù dé nígbẹ̀yìn, ní nǹkan bí 1915. A kò lè dá àwọn tí ó kọ̀ náà lẹ́bi pátápátá, nítorí ta ni í fẹ́ san owó ohun tí Ọlọ́run ń rọ̀ lé orí òrùlé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣùgbọ́n àwa tí a ti jókòó ti ọmọ lóru kò lè gbè sẹ́yìn wọn mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ra omi mímu lọ́wọ́ mẹ́ruwà tí ń ti ọmọlanke kiri, a ó sì tún sè é kí a tó mu ún. Ní oṣù mìíràn, owó tí a ń ná lórí omi ju èyí tí a ń ná lórí iṣu lọ. Ìyá tí ó bi wá ní ìbéèrè ní Obbo-Ilé, nígbà tí ó gbọ́ èyí, kò rẹ́rìn-ín wa. Ó ní kí a kú ìnáwó.

Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí jókòó ti Màmá Àgbà ní ìrọ̀lẹ́, tí a sì ń béèrè ọ̀rọ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé kò sí ẹni tí a lè pè ní ọmọ erékùṣù náà tí baba ńlá rẹ̀ kò ní ọdún àkọ́kọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé láti Ìṣẹ́rì ni wọ́n ti wá sí Ìddó, àti pé láti Ìddó ni Àrómirẹ́, tí í ṣe apẹja àti àgbẹ̀, ti ń sọdá lọ sí erékùṣù kejì láti gbin ata. Orí oko ata náà ni ààfin Ọba Èkó wà títí di òní, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìgà Ìdúngànrán. Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, tí ó dé fìlà funfun, ni ó ni ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní oṣù Kejìlá 1851, tí Akíntóyè sì padà sórí oyè, ni àwọn Sàró ń dé lọ́pọ̀lọpọ̀ láti Sierra Leone, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Olówógbowó. Àwọn tí ó ti Bùràsíìlì àti Kúbà bọ̀ gba ìhà kejì, èyí tí ó wá di Pópó Àgùdà.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ènìyàn tí a jí gbé ní ọmọdé láti Ìjẹ̀ṣà tàbí láti Ọ̀yọ́, tí ó ti sin ogún ọdún lẹ́rú ní òkè òkun, tí ó sì fi owó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà, dé etí òkun tí kì í ṣe ìlú rẹ̀. Ọ̀nà ilé kò ṣí nítorí ogun. Erékùṣù yìí ni ó ní láti jókòó sí. Wọn kò wá lọ́wọ́ òfo: bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, aránṣọ wà. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn tí ó kọ́ ilé ìsìn Holy Cross tí wọ́n parí ní 1881. João Baptista da Costa sì ni ó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Wọ́n sọ àwọn ọmọ wọn ní Tòkunbọ̀. A ti ń gbọ́ orúkọ yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n kò wọ̀ wá lára bí ó ti wọ̀ wá nígbà tí àwa náà jẹ́ àlejò ní òpópónà tí ń jẹ́ orúkọ náà.

Ohun kan tí a fi jọ wọ́n ni ọ̀ràn èdè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a fi èdè ẹnu àti ilà ojú mọ ìlú wọn. Ní ọjà, bí ìyá àwọn ọmọ bá gbàgbé tí ó pe iṣu ní "usu", tàbí tí ó ní òun ń lọ sí "ulé", àwọn ọlọ́jà a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Ará Èkìtì dé!" Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ń tì í. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ó ń ta elùbọ́ gbọ́ "usu" yìí, ó sì dìde: ìyá tirẹ̀ jẹ́ ará Osi. Láti ìgbà náà ni a ti ní ẹni tí ń bá wa fi ẹrù sí ọkọ̀ lọ sílé. Ojú kò tì í mọ́.

Màmá Àgbà kọ́ wa ní ohun púpọ̀ tí a kò lè kọ tán. Ó ní bí ọjọ́ Ẹyọ̀ bá dé, kí obìnrin wa má ṣe di irun sùkú, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ sálúbàtà tàbí kí ó mu sìgá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá. Bí a kò bá sì fẹ́ wò ó, kí a jókòó sílé wa. A jẹ́ Kristẹni, kò sì sí ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò tí kò mọ òfin ìlú ni í fi ara gba ọ̀pá. Ní ọjọ́ Jímọ́ Rere, ó gbé abọ́ kan sọdá wá. Ìyá àwọn ọmọ rò pé ògì dúdú kan ni. Fùrẹ́jọ̀n ni: ẹ̀wà tí a sè títí ó fi rọ̀, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a fi omi àgbọn àti ṣúgà sí, tí a ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Àwọn Àgùdà ni ó gbé e wá láti Bùràsíìlì, gbogbo erékùṣù sì ń jẹ ẹ́ báyìí, ìbáà ṣe ìjọ wo ni wọ́n ń lọ. Àwọn ọmọ wa tí kì í fẹ́ ẹ̀wà lá abọ́ náà mọ́. A kò dá abọ́ padà lófìfo. Iṣu láti Obbo-Ilé ni a fi sí i.

Oṣù Kẹfà wọlé, òjò sì dé. Ní ilé, bí òjò bá dá, omi a ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò kí a tó gbọn bàtà wa. Ní erékùṣù, kò sí ìsàlẹ̀ tí yóò lọ. Gọ́tà kún fún ike àti ọ̀rá. Bí òkun bá sì kún ní wákàtí kan náà, omi gọ́tà a padà sẹ́yìn. Àwọn àgbà àdúgbò ṣì ń sọ ti 10 Oṣù Keje 2011, nígbà tí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo pa ènìyàn ní Èkó tí ó sì sé ọ̀pọ̀ mọ́lé. Omi tí ó dúró yìí ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Gómìnà William MacGregor, tí í ṣe dókítà, tí ó wà ní Èkó láti 1899 dé 1904, gbà gbọ́ nínú ohun tí Ronald Ross fi hàn ní 1897 pé ẹ̀fọn ni ń gbé ibà kiri. Ó ní kí a máa pín kúnínì, ó ní kí a dí àbàtà, ó sì gbẹ́ ipa omi tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láàárín Èkó àti Ìkòyí. Bí àwa náà ti ń da omi nù nínú agolo àti táyà ní ẹ̀yìn ilé, a ń rántí rẹ̀. Omi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wa lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ó wà ní àjà ìsàlẹ̀ gbé ibùsùn wọn sórí búlọ́ọ̀kù. Àwa tí a wà lókè ń dúpẹ́ pé ibi gíga ni a gbà.

Nínú ọpẹ́ yìí ni a wà nígbà tí ìyá àwọn ọmọ rí ìlà kan lára ògiri ilé ìdáná, lẹ́bàá òpó. Ní oṣù Karùn-ún, èékánná kò lè wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ, etí kọ́bọ̀ wọ̀ ọ́ dáradára. Bàbá sọ̀kalẹ̀ lọ wo òpó kan náà ní àjà ìsàlẹ̀, ó sì rí i pé sìmẹ́ǹtì ti já bọ́ lára rẹ̀ ní ibi tí omi ti ń dé, irin inú rẹ̀ sì ti di pupa, ó ti wú. Afẹ́fẹ́ òkun àti omi oníyọ̀ ni í ṣe bẹ́ẹ̀: iyọ̀ a wọnú sìmẹ́ǹtì, irin a dógùn-ún, ògùn-ún a gba àyè ju irin lọ, a sì ti sìmẹ́ǹtì jáde láti inú. Ẹni tí ó bá tún un rẹ́ lóde nìkan, ọgbẹ́ ni ó fi aṣọ bò.

A tọ Màmá Àgbà lọ. Ó wò wá títí.

"Pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé yẹn nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí bàbá kú ni àwọn ọmọ gbé èyí tí ẹ̀ ń gbé lé e lórí."

"Màmá, ẹ kò sọ fún wa."

"Ẹ ti san owó kí ẹ tó kí mi."

A kò rí èsì fún un.

Onílé ní òjò ni ó fa ìlà náà, òun yóò rán bíríkìlà wá. Ó ní ilé náà ti dúró kí a tó bí wa. Nígbà tí a ní kí ó dá owó oṣù tí ó kù padà, ó fi ìwé àdéhùn hàn wá: kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, òótọ́ ni. Oṣù márùn-ún ni ó kù. A kọ ìwé sí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ wa.

A kò ní purọ́ fún yín pé àwa méjèèjì fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Bàbá ní kí a mú sùúrù fún oṣù márùn-ún náà. Ó ní ilé tí ó ní ìlà lára ní Èkó kò níye, bí gbogbo ènìyàn bá sì sá fún ìlà, ta ni yóò kù? Ó ní kí a má sọ owó nù. Ìyá kò jiyàn. Ó kàn ń jí ní òru, ó ń ka àwọn ọmọ. Ó ti gbọ́ ti Ìta Fájì, tí kò jìnnà sí wa, níbi tí ilé alájà tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ ti wó ní 13 Oṣù Kẹta 2019, ní òwúrọ̀, tí nǹkan bí ogún ènìyàn sì kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ pé ilé náà ti wà lára èyí tí a sàmì sí pé kí a wó. Ní òru kan ó jí bàbá, ó ní, "Àwọn òbí yẹn náà ti san owó ilé ẹ̀kọ́." Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A ronú láti fi erékùṣù sílẹ̀ pátápátá, kí a lọ gbé ní òkè afárá. Ọ̀pọ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa, àwọn mìíràn kì í sì í ṣe ìfẹ́ inú wọn. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó láti 1924, ìjọba kó àwọn kan lọ sí Yábàá. Ní 1955 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín erékùṣù, wọ́n ń kó ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Peter Marris lọ wò wọ́n, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé ilé titun dára, ó mọ́, ó sì ní àyè. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ń tajà pàdánù àwọn oníbàárà wọn, ẹbí tí ń bojú tó ara wọn lójoojúmọ́ sì di ẹni tí ń san owó ọkọ̀ kí wọ́n tó rí ara wọn. Èyí ni ó dá wa dúró. Ní oṣù mẹ́sàn-án a ti ní Màmá Àgbà, a ní obìnrin elélùbọ́, a ní ìjọ tí ó mọ orúkọ àwọn ọmọ wa. Bí a bá sọdá, a ó tún padà di ẹni tí kò mọ kànga tí ó dára.

Nítorí náà a wá ilé mìíràn ní àdúgbò kan náà. A ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá àwọn ọmọ, a sì yá ìyókù nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Gbèsè náà kò tíì tán títí di ìgbà tí a ń kọ ìwé yìí. Yàrá méjì ni dípò mẹ́ta, ilé ilẹ̀ ni, ó sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìgbà yìí, Màmá Àgbà ni ó ṣáájú wa lọ wò ó. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ògiri. Ó bi onílé ní ọdún tí wọ́n kọ́ ọ àti orúkọ bíríkìlà. Ó béèrè ibi tí ṣaláńgá wà. Ó ní kí wọ́n fi ibi tí òjò èṣí dé hàn òun lára ògiri. Onílé náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bí ẹni pé ìyàwó ni a wá fẹ́. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọlanke méjì ni ó kó ẹrù wa, ní Sátidé kan, kí oòrùn tó mú. Ewúro wa wà nínú ọpọ́n kan tí ó ti jò, ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ń rúwé.

Ilé aláwọ̀ ọsàn náà ṣì dúró. A ń kọjá níwájú rẹ̀ bí a bá ń mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bàbá kò sì lè ṣe kí ó má wòkè. Wọ́n ti rẹ́ òpó ìsàlẹ̀, wọ́n sì ti tún un kùn. Ní oṣù tí ó kọjá a rí aṣọ ọmọdé lórí okùn ní àjà tí a ti gbé rí. Ìyá gun òkè lọ. Obìnrin kan tí ó gbé ọmọ pọ̀n ṣílẹ̀kùn fún un, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé àga fún un, ó sì gbọ́ gbogbo ohun tí ó ní í sọ nípa ògiri ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ni ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n a ti san owó."